"Gift" ni ẹ̀bùn lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, májèlé ni lẹ́nu ará Jámánì: Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá kan náà di àjèjì síra wọn

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orílẹ̀-èdè Jámánì, tó sì gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, lè rò pé ìṣòro òun kò ní í pọ̀. Bó bá ti ń wo pátákó ojú títì àti ara páálí ọjà, yóò máa rí ọ̀rọ̀ tó jọ èyí tó ti mọ̀ láti ilé ìwé. "Hand" ni wọ́n ń pe ọwọ́, "Arm" ni wọ́n ń pe apá, "Finger" sì ni ìka. Àfi ìgbà tó bá dé ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta oògùn eku, tó wá rí ìgò kan tí wọ́n kọ "Gift" sí lára. Lójú ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀bùn ni wọ́n kọ síbẹ̀. Lójú ará Jámánì, ìkìlọ̀ ni: májèlé ló wà nínú ìgò náà, ẹni tó bá tọ́ ọ wò lè bá a lọ.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí nínú àwọn èdè tó bá Gẹ̀ẹ́sì tan. Ojú kan náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wọn ní, ṣùgbọ́n inú wọn yàtọ̀. Àwọn kan jẹ́ ọmọ ìyá kan náà tí ọ̀nà wọn ti pín níyà láti ayébáyé. Àwọn kan kò sì bá ara wọn tan rárá, ó kàn ṣe kòńgẹ́ pé wọ́n jọra ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń kàwé, tó ń ṣiṣẹ́, tó sì ń tọ́mọ lónìí láàárín àwọn tó ń sọ èdè wọ̀nyí, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan.

Ìyá kan ló bí gbogbo wọn

Jẹ́máníìkì ni àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ń pe ẹbí yìí. Kì í ṣe èdè Jámánì nìkan ni orúkọ náà ń tọ́ka sí o. Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni èdè Dọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń sọ ní Nẹ́dálándì, ìyẹn ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Họ́láńdì. Èdè Swídìn, ti Dẹ́nmáàkì, ti Nọ́wè àti ti Áísílándì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èdè Afrikaans tí wọ́n ń sọ ní Gúúsù Áfíríkà, ọmọ Dọ́ọ̀ṣì ni. Ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn, èdè kan ṣoṣo ni àwọn baba ńlá gbogbo wọn ń sọ, ní agbègbè tí a mọ̀ lónìí sí Dẹ́nmáàkì, gúúsù Swídìn àti àríwá Jámánì. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n fi èdè náà kọ tó kù sílẹ̀ láti ìgbà náà. Láti ara àwọn ọmọ ni àwọn onímọ̀ ti ń fòye mọ bí ìyá ṣe rí.

Ìrìnàjò àti ogun ló tú wọn ká. Ní ọ̀rúndún karùn-ún lẹ́yìn ìbí Jésù, àwọn ẹ̀yà Angle, Saxon àti Jute gbéra láti etíkun Jámánì àti Dẹ́nmáàkì, wọ́n sọdá òkun lọ sí erékùṣù tí a ń pè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí. Èdè tí wọ́n gbé lọ ló di Gẹ̀ẹ́sì, ara orúkọ àwọn Angle sì ni orúkọ èdè náà ti jáde. Láti ọdún 793 ni àwọn jagunjagun orí omi láti Nọ́wè àti Dẹ́nmáàkì bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn lógun, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tiwọn sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1066, àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ náà, wọ́n sì kó èdè Faransé wọlé. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò Gẹ̀ẹ́sì tó kù lókè òkun kò bá a jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀, tiwọn náà ń dojú kọ wọ́n lọ́tọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ̀rún ọdún fi máa kọjá, ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ pín nínú ogún ìyá wọn ti gba ìtumọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí ẹ̀bùn ṣe di májèlé

"Gift" ti Gẹ̀ẹ́sì àti "Gift" ti Jámánì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe tó túmọ̀ sí kí a fún ènìyàn ní nǹkan ni méjèèjì ti jáde: "give" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, "geben" ni Jámánì ń pè é. Ohun tí a bá fún ènìyàn ni "gift" ní ìbẹ̀rẹ̀, yálà ó dára tàbí kò dára. Báwo ló ṣe wá di májèlé?

Àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ ní ọ̀rọ̀ kan, "dosis", tó túmọ̀ sí fífúnni. Òun ni wọ́n ń lò fún ìwọ̀n oògùn tí oníṣègùn ń fún aláìsàn, ibẹ̀ náà sì ni "dose" ti Gẹ̀ẹ́sì ti wá. Àwọn ará Jámánì tẹ̀lé àpẹẹrẹ yìí, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ tiwọn tó túmọ̀ sí fífúnni pe ohun tí wọ́n bá fún ènìyàn mu. Nígbà tó yá, èyí tó ń pani nínú rẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà dúró fún.

Kò yẹ kí èyí ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Bí wọ́n bá ní "wọ́n ti fún un jẹ", kò sí àgbàlagbà tí yóò béèrè pé kí ni wọ́n fún un. Gbogbo ayé mọ̀ pé kì í ṣe iyán. Ẹni tí kò fẹ́ dárúkọ ohun burúkú ní gbangba yóò dà á pè, nítorí àdàpè olè ni "ọmọ ń fẹ́wọ́". Àdàpè ni "Gift" náà jẹ́ ní Jámánì. Ṣùgbọ́n nígbà tí àdàpè pẹ́ lẹ́nu, ó di orúkọ gan-an.

Síbẹ̀, ìtumọ̀ àtijọ́ kò tíì parẹ́ tán. "Mitgift" ni ará Jámánì ń pe ẹrù tàbí owó tí àwọn òbí fi ń sin ọmọbìnrin wọn lọ sí ilé ọkọ, kò sì sí májèlé nínú ìyẹn. Ní Nẹ́dálándì, "gift" ṣì jẹ́ ẹ̀bùn, "gif" tàbí "vergif" ni májèlé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ẹ̀rín ni Swídìn, Dẹ́nmáàkì àti Nọ́wè. Nínú èdè àwọn wọ̀nyí, "gift" ni májèlé, "gift" náà sì ni ẹni tó ti ṣe ìgbéyàwó. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń fi ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé àwọn baba ńlá wọn fi ìyàwó wé májèlé. Fífi ọmọ fún ọkọ ni wọ́n ń sọ, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe ń wí pé wọ́n ti fi lágbájá fún ọkọ.

Ọ̀rọ̀ tó fẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá há

Ọ̀nà kan tí ọ̀rọ̀ fi ń yàtọ̀ síra ni kí ọ̀kan nínú wọn há mọ́ ibi kékeré, nígbà tí àwọn yòókù dúró gbàgàdà. "Tier" ni gbogbo ẹranko lédè Jámánì, "dier" ni lédè Dọ́ọ̀ṣì, "djur" ni lédè Swídìn. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ náà ń fi "deer" pe ẹranko gbogbo. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá "beast" àti "animal" lò láti inú Faransé àti Látìn, iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ "deer". Àgbọ̀nrín tí àwọn ìjòyè ń dọdẹ rẹ̀ nìkan ló kù fún un.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí "starve". Lédè Jámánì, "sterben" ni kí ènìyàn kú, irú ikú yòówù kó jẹ́. "Sterven" ni Dọ́ọ̀ṣì ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ló rí lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ pẹ̀lú. Nígbà tí "die" gba ipò rẹ̀, ikú ebi nìkan ni "starve" rí mú, títí ó fi di pé ẹni tí ebi ń pa lásán náà lè lò ó. Àjòjì tó bá gbọ́ lẹ́nu ará Jámánì pé bàbá òun ti "gestorben", tó sì fi etí Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ọ, lè máa wá oúnjẹ nígbà tí ìdílé ń wá pósí.

Ọ̀rọ̀ mìíràn kì í há, ńṣe ni wọ́n ń ṣí kúrò níbi tí wọ́n wà. "Zaun" ti Jámánì jẹ́ ọgbà tí a fi igi tàbí irin sọ yí ilé ká. "Tuin" ti Dọ́ọ̀ṣì jẹ́ ibi tí wọ́n gbin òdòdó àti ewébẹ̀ sí. "Town" ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ìlú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ará Jámánì di ọgbà náà fúnra rẹ̀ mú, ará Nẹ́dálándì di ilẹ̀ tó wà nínú ọgbà mú, Gẹ̀ẹ́sì sì di àwọn ènìyàn tó ń gbé inú ọgbà mú. Ọmọ ìlú tí odi yí ká láyé àtijọ́ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Orí ọ̀rọ̀ mìíràn a tún máa yàtọ̀ bí orí ènìyàn. Ọmọdékùnrin tàbí ìránṣẹ́ ni "cniht" nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ọmọ ìyá rẹ̀ sì ni "Knecht" ti Jámánì. Ìránṣẹ́ tó bá ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ sójú ogun gba oyè, ó di "knight", tí ọba ń fi idà kàn léjìká títí di òní. Èyí tó wà ní Jámánì kò rẹ́ni gbé e ga, ó di ọmọ ọ̀dọ̀ lóko àgbẹ̀. Ti "silly" wá burú jù. Alábùkún-fún ni "selig" lédè Jámánì. Òun ni Bíbélì wọn lò nínú orí karùn-ún ìwé Mátíù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tó bá a jọ wá láti inú ìbùkún bọ́ sí àìlẹ́ṣẹ̀, láti àìlẹ́ṣẹ̀ ó bọ́ sí ẹni tó yẹ kí a káàánú, ó sì parí sí òmùgọ̀.

Bí a bá pe ẹnìkan ní "slim", ìlú tí a wà ló máa sọ bóyá kó rẹ́rìn-ín tàbí kó bínú. Ẹni tínínrín ni lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọlọ́gbọ́n ni lédè Dọ́ọ̀ṣì. Lédè Jámánì tí wọ́n ti ń kọ ọ́ ní "schlimm", ohun tó burú ni. Ohun tó wọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ará Jámánì rí i pé ohun tó wọ́ kò dára. Ará Nẹ́dálándì wò ó pé ẹni tó mọ bí a ti ń gba ẹ̀bùrú lọ kì í ṣe òmùgọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ di ọgbọ́n. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni Gẹ̀ẹ́sì yá a lò, ó sì fún un ní ìtumọ̀ tirẹ̀.

Òkun di adágún, oúnjẹ àárọ̀ di ti ọ̀sán

Ẹni tó bá gba ààlà Jámánì kọjá sí Nẹ́dálándì yóò rí i pé òkun àti adágún ti pààrọ̀ orúkọ. Lédè Dọ́ọ̀ṣì, "zee" ni òkun, "meer" sì ni adágún. Lédè Jámánì, "Meer" ni òkun. "Der See" ni adágún, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yí ọ̀rọ̀ kékeré iwájú rẹ̀ padà sí "die See", ó tún di òkun. Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà lórí máàpù. Títí di ọdún 1932, apá kan òkun wọ inú ilẹ̀ Nẹ́dálándì, Zuiderzee ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún náà ni ìjọba ibẹ̀ parí odi ńlá kan tó gùn tó kìlómítà 32, tó sé omi òkun mọ́ ìta. Omi inú rẹ̀ di omi tí kò níyọ̀ mọ́, òkun sì ti di adágún. Wọ́n yọ "zee" kúrò lára orúkọ rẹ̀, wọ́n fi "meer" sí i, ó di IJsselmeer. Ará Jámánì tí kò gbọ́ Dọ́ọ̀ṣì lè máa wò pé òkun ni wọ́n tún padà sọ lórúkọ.

Kódà àwọn ará Swídìn, Dẹ́nmáàkì àti Nọ́wè, tí wọ́n lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìlo ògbufọ̀, kò bọ́ nínú rẹ̀. Ará Nọ́wè tó bá ní ilé òun "rolig", ibi tó tòrò minimini ló ń sọ. Ará Swídìn tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ilé tó ń pani lẹ́rìn-ín ni. "Frokost" túmọ̀ sí oúnjẹ kùtùkùtù. Ní Nọ́wè, oúnjẹ àárọ̀ ṣì ni; ní Dẹ́nmáàkì, ó ti sún lọ di oúnjẹ ọ̀sán. Àlejò láti Nọ́wè tí wọ́n pè wá jẹ "frokost" ní Dẹ́nmáàkì, tí kò sì béèrè aago, lè jókòó ti ebi títí di ọjọ́kanrí.

Àwọn tí kò bá ara wọn tan

Àwọn mìíràn wà tí kò sí okùn ẹbí láàárín wọn rárá. "Mist" ni ìkùukùu lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbẹ́ màlúù tí wọ́n kó jọ ni lédè Jámánì. "Hell" ni ọ̀run àpáàdì fún Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó mọ́lẹ̀ kedere ni fún ará Jámánì, "Hölle" ni wọ́n ń pe ọ̀run àpáàdì tiwọn. "Rat" jẹ́ eku lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jẹ́ ìmọ̀ràn tàbí ìgbìmọ̀ lẹ́nu ará Jámánì. Nítorí náà, "Rathaus" tí àjòjì ń rí láàárín ìlú kì í ṣe ilé eku, gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ ìlú ni.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó jẹ́ ìbátan tòótọ́ àti ẹni tó kàn jọ wọ́n lójú? Kì í ṣe ojú ni wọ́n ń wò, ìró ni wọ́n ń wò. Rasmus Rask, ọmọ Dẹ́nmáàkì, ló kọ́kọ́ tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1818. Jacob Grimm, ọmọ Jámánì, gbé e kalẹ̀ bí òfin ní ọdún 1822. Òun àti àbúrò rẹ̀, Wilhelm, náà ló ṣa àwọn àlọ́ ilẹ̀ Jámánì jọ sínú ìwé ní ọdún 1812. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìró kì í yí padà bó ṣe wù ú. Bí ó bá yí nínú ọ̀rọ̀ kan, yóò yí nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó gbé Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Ten" di "zehn", "two" di "zwei", "tongue" di "Zunge": "t" Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ jẹ́ "z" ní Jámánì. "Ship" di "Schiff", "make" di "machen". "Day" di "Tag", "daughter" sì di "Tochter": "d" Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ "t" ní Jámánì. Pẹ̀lú òfin yìí, kò ṣòro láti rí i pé "town" ni "Zaun", "deer" sì ni "Tier", bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wọn kò jọra tó bẹ́ẹ̀. Òfin kan náà ló sì fi hàn pé "Rat" ti Jámánì kì í ṣe eku. "T" tó parí rẹ̀ ń wá "d" lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, ó sì rí i lára "read", tó túmọ̀ sí kí ènìyàn gbani nímọ̀ràn tàbí kó tú àlọ́, kó tó di ìwé kíkà.

Ìtàn tiẹ̀ fi èyí pamọ́ sínú orúkọ ọba kan. Ethelred, tó jọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 978, tó sì kú ní 1016, ni àwọn ènìyàn ń pè ní "Unready". Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọba tí kò múra sílẹ̀ ni wọ́n ń wí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an túmọ̀ sí ìmọ̀ràn tó níyì. Orúkọ ẹ̀gàn tí wọ́n fi kún un túmọ̀ sí àìnímọ̀ràn. Wọ́n ń fi ọba náà ṣẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ náà ti bọ́ lára ọ̀rọ̀ kí àwọn ọmọ-ọmọ wọn tó gbọ́ ọ.

Ọ̀rẹ́ ẹ̀tàn

Ní ọdún 1928, àwọn ọ̀mọ̀wé Faransé méjì, Maxime Koessler àti Jules Derocquigny, tẹ ìwé kan jáde lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, wọ́n sì pè wọ́n ní ọ̀rẹ́ ẹ̀tàn. Orúkọ náà bá a mu wẹ́kú. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò mọ̀ rí kì í ṣe é ní jàǹbá púpọ̀, nítorí yóò béèrè. Èyí tó rò pé òun ti mọ̀ ni kì í béèrè lé lórí.

Ìwọ̀nba ẹ̀rín ni jàǹbá náà máa ń jẹ́ nígbà mìíràn. "Bekommen" lédè Jámánì ni kí nǹkan tẹni lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ "become" ti Gẹ̀ẹ́sì ni kí ènìyàn di nǹkan. Ará Jámánì tó bá lo ọ̀kan dípò èkejì nílé oúnjẹ ní London lè máa sọ fún agbáwo pé òun fẹ́ di adìyẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń parí sí ẹ̀rín. "Rezept" tí olóògùn òyìnbó ń béèrè ní Jámánì kì í ṣe rìsíìtì owó, ìwé tí dókítà fi kọ oògùn fún aláìsàn ni. Láàárín ọdún 2006 sí 2007, ní ilé ìwòsàn kan ní Berlin, aláìsàn 47 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún fún lọ́nà tí kò tọ́. Ohun èlò tí wọ́n fi rọ́pò orúnkún náà gba kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì egungun lẹ̀ ẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ sára páálí, wọ́n sì ṣì í túmọ̀ sí pé kò nílò rẹ̀. Àṣìkà gbólóhùn kan ló mú ìrora bá ogójì ènìyàn ó lé méje.

Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ògbufọ̀ kì í fi ojú lásán gba ọ̀rọ̀ gbọ́. Ìwé atúmọ̀ èdè ni wọ́n ń gbà bí ọ̀pá ìtìlẹ̀, ìyẹn gan-an kò sì rọrùn láti ṣe. Ní ọdún 1838 ni Jacob àti Wilhelm Grimm bẹ̀rẹ̀ ìwé atúmọ̀ èdè Jámánì tó ń tọ orísun ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ. Wilhelm kú ní 1859. Jacob kú ní 1863, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lórí "Frucht", tó túmọ̀ sí èso. Àwọn ẹlòmíràn ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, ó sì di ọdún 1961 kí wọ́n tó parí rẹ̀.

Ẹni tó ń kọ́ ọ̀kan nínú àwọn èdè wọ̀nyí lónìí kò ní í ṣe wàhálà ọgọ́fà ọdún. Ohun tó kàn nílò ni ìfura: kó tún ọ̀rọ̀ tó jọ ti Gẹ̀ẹ́sì wò lẹ́ẹ̀kejì, pàápàá lára oògùn, nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ àti nínú ìwé ilé ẹjọ́. Ọmọ Yorùbá tiẹ̀ ti mọ irú ẹ̀kọ́ yìí láti ilé. Ẹni tó bá rí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, tí kò sì wo àmì orí wọn, kò lè mọ ìgbà tó ń sọ̀rọ̀ nípa olórí ilé, irinṣẹ́ oko, mọ́tò tàbí ohun ìjà. Ojú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọra. Ẹni tó fara balẹ̀ nìkan ló ń mọ èyí tí inú ń run nínú wọn.